Fáànù tó ń tan ara rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà

Atẹ́gùn nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì Bajaj Boxer mi lára, nítorí náà, bí mo bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ọ̀sán gangan, ooru rẹ̀ a máa jó mi ní itan. Fáànù kékeré méjì tí mo rà, tí rẹwáyà so sí ẹ̀gbẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ ara sílíńdà, ní súìṣì tó ń tàn wọ́n fúnra rẹ̀ bí irin bá gbóná, tó sì ń pa wọ́n bó bá tutù. Iṣẹ́ wọn pé nígbà tí ọ̀kadà bá dúró. Lórí eré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti tó. Àmọ́ wọ́n ń yí lọ lẹ́yìn tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, bátìrì sì kú lẹ́ẹ̀mejì kí rẹwáyà tó gba ojú kọ́kọ́rọ́ fa iná wọn.