Orin Jimi Hendrix mẹ́jọ tó ga jù lọ́kàn mi, àti bí mo ṣe tò wọ́n

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Gìtá àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn, tí ó jẹ́ ti ìjọ wa, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ń kọ́ wa sì ní ọwọ́ ọ̀tún náà ni kí n máa fi ta á tipátipá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú, ọwọ́ kò gbà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń ta gìtá béèsì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi àwòrán kan hàn mí lára páálí àwo orin àtijọ́: ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí irun orí rẹ̀ kún bí igbó, tó gbé gìtá Stratocaster ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún kọ́rùn, ṣùgbọ́n tó dojú rẹ̀ kodò, tó sì ti tú gbogbo okùn rẹ̀ tún so, kí okùn tó nípọn jù lè wà lókè níbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀gbọ́n náà sọ fún mi pé, “Ìwọ náà lọ tú okùn tìrẹ.” Bí mo ṣe mọ Jimi Hendrix nìyẹn, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, n kò sì tíì yéé gbọ́ ọ.

Ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1942, ìlú London ló sì kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, ní ọmọ ọdún 27. Láti ìgbà tí “Hey Joe” jáde ní òpin ọdún 1966 títí tí ọlọ́jọ́ fi dé kò pé ọdún mẹ́rin. Àwo mẹ́ta péré ló parí ní sítúdíò pẹ̀lú Noel Redding tó ń ta béèsì àti Mitch Mitchell tó ń lu ìlù: méjì jáde ní 1967, ẹ̀kẹta, “Electric Ladyland”, jáde ní 1968. Iṣẹ́ tó kéré ní iye ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ to orin inú rẹ̀ yóò mọ̀ pé kò rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tó sí ipò àkọ́kọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ Hendrix mọ̀ ọ́n nítorí iná tó sọ sí gìtá rẹ̀ lórí pèpéle ní Monterey ní oṣù kẹfà ọdún 1967, tàbí nítorí pé ó ń feyín ta gìtá. N kò ka ìwọ̀nyí kún. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí ẹnikẹ́ni tó dàgbà nídìí ìyáàlù yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ǹjẹ́ ohun èlò náà ń sọ̀rọ̀, àbí ariwo lásán ló ń pa? Bí àyàn bá mú ọ̀pá lọ́wọ́, tó fọwọ́ fún ọsán, tó sì ki ènìyàn, ẹni tí wọ́n ń kì yóò gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu awọ. Gìtá Hendrix kò gbọ́ èdè wa, kò sì lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ nínú orin rẹ̀ tó dára jù, ẹnu rẹ̀ yóò sọ apá kan ọ̀rọ̀, gìtá yóò sì sọ apá tí ẹnu kò lè sọ. Orin tí gìtá bá ti sọ ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló ga jù lọ́dọ̀ mi. Láti ìsàlẹ̀ ni n ó ti máa bọ̀ wá sókè, nítorí eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀.

Ẹ̀kẹjọ ni “Purple Haze”, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí i, torí pé wọ́n ti sọ ọ́ di orin ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́: ohùn méjì tí kò fẹ́ bá ara wọn gbé ń kọ lu ara wọn títí ara ẹni tó ń gbọ́ yóò fi béèrè ibi tí wọ́n máa gbà yanjú ìjà náà. Nínú ìtagìtá tó wà nínú rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rọ Octavia tí Roger Mayer ṣe, èyí tó ń fi ohùn kan sókè orí ohùn tí a ta, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń kọrin tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà ọgọ́rùn-ún tí mo ti gbọ́ ọ, agbára rẹ̀ ló kù sí mi létí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kún mọ́.

Ẹ̀keje ni “Red House”, orin blúùsì, orin àtijọ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tó lọ tààrà lórí ọkùnrin tó padà dé ilé olólùfẹ́ rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kò sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 1967, bó tilẹ̀ wà nínú ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò mọyì ìpinnu yẹn rárá, nítorí orin yìí ni ẹ̀rí pé ọmọ náà jẹun lábẹ́ àwọn àgbà kó tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

“The Wind Cries Mary” ló wà ní ipò kẹfà. Hendrix àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Kathy Etchingham, ló jà nítorí oúnjẹ tí obìnrin náà sè; ó fìbínú jáde, Mary sì ni orúkọ rẹ̀ kejì. Nígbà tó fi máa padà wọlé, orin ti jókòó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ní ìwọ̀nba àkókò tó kù nínú sítúdíò lẹ́yìn iṣẹ́ mìíràn, kò sì gbà wọ́n ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní alágbára gìtá kò janpata nínú rẹ̀ rárá. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, gìtá náà sì ń bá a bẹ̀bẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn kíkankíkan.

Ẹ̀karùn-ún ni “Castles Made of Sand”. Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: tọkọtaya tí ìfẹ́ wọn dà rú, ọmọdékùnrin jagunjagun kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n pa lójú oorun ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ogun àkọ́kọ́ rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò lè rìn tó ti fẹ́ kó sínú òkun kí ọkọ̀ oníwúrà tó kọjá níwájú rẹ̀. Gìtá tó ń dà sẹ́yìn wà nínú rẹ̀: wọ́n yí téèpù padà kí ohùn lè máa bẹ̀rẹ̀ láti ìparí rẹ̀. Ohùn yẹn bá ọ̀rọ̀ orin náà mu gan-an, nítorí ó ń wó bí ó ti ń dìde.

Bí mo bá dé “Voodoo Child (Slight Return)” tó wà ní ipò kẹrin, ọ̀rọ̀ máa ń gùn díẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1968 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Record Plant ní New York, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gba “Voodoo Chile”, èyí tó gùn tó ìṣẹ́jú 15, tí Steve Winwood sì ta dùùrù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ya fíìmù wá bá wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe bí ẹni ń ta orin. Ohun tó jáde nínú “ṣe bí ẹni” yẹn ni orin yìí. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1970, tí Hendrix ti wà nínú sàárè, ó gun orí ipò kìn-ín-ní ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn tí ó fọwọ́ pa tí kò jẹ́ kó dún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ẹ̀rọ wah-wah sókè sódò, tó fi jẹ́ pé èémí nìkan ni a ń gbọ́, bí ẹran ńlá tó ń mí nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni ìfúnnu dé: ó ní òun yóò fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òun gé òkè lulẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ ìjálá ọdẹ rí kò nílò alágbàwí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tó wà lórí orin náà, vodún, láti ọ̀dọ̀ àwọn Fọn àti Éwé tó múlé ti wa ní Benin àti Togo ló ti lọ. Inú ọkọ̀ ẹrú ni ó bá dé Haiti àti Louisiana, ó wọ inú orin blúùsì gẹ́gẹ́ bí orúkọ agbára, Hendrix sì gbé e bọ ẹnu.

Ẹ̀kẹta ni “All Along the Watchtower”. Bob Dylan ló ni orin yìí, ó sì gbé e jáde ní òpin ọdún 1967 pẹ̀lú gìtá kan, hàmóníkà àti ìlù jẹ́ẹ́jẹ́. Kí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968 tó parí, Hendrix ti wà ní Olympic Studios ní London tó ń ṣe tirẹ̀. Dave Mason ló ta gìtá olókùn méjìlá nínú rẹ̀, Hendrix fúnra rẹ̀ ló sì ta béèsì. Òun nìkan ni orin rẹ̀ tó wọ inú ogójì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ipò 20 ló sì dé. Mo rọ ẹni tó bá ń kọ́ gìtá pé kó jókòó ti àárín orin náà, nítorí ènìyàn mẹ́rin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: àkọ́kọ́ ń sọ tirẹ̀ ní ṣókí, ẹ̀kejì ń fi ohun líle yọ̀ lórí okùn bí ẹni ń dárò, ẹ̀kẹta ń gbà ẹnu wah-wah sọ ọ́, ó ń kùn, ẹ̀kẹrin kó gbogbo okùn pọ̀ ó sì gbé wa padà sẹ́nu ọ̀nà ọ̀rọ̀. Dylan fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí Hendrix ṣe kọ ọ́ ni òun náà wá ń kọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí kò fi lọ sókè ju ibí yìí lọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀.

“Little Wing” ni mo gbé sí ipò kejì, ó sì dùn mí pé n kò lè gbé e sí àkọ́kọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Inú “Axis: Bold as Love” ló wà, àwo tí Hendrix gbàgbé téèpù ojú kìn-ín-ní rẹ̀ sínú takisí, tí wọ́n fi ní láti tún un pò ní òru kan ṣoṣo. Mo fi gbogbo ìgbà kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin yìí. Àtàǹpàkò ni Hendrix ń gbé kọjá lẹ́yìn ọrùn gìtá láti fi di okùn tó nípọn jù mú, kí ìka mẹ́rin yòókù lè wà lómìnira láti máa kọrin lórí àwọn okùn tó kù. Ọwọ́ tirẹ̀ gùn. Tèmi kò gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oríkèé àtàǹpàkò mi wú, mo sì ń fi omi gbígbóná jó o lálaalẹ́. Ní ọjọ́ tí ó gbà fún mi, mo ṣàkíyèsí ohun tí etí nìkan kò tíì sọ fún mi rí: kò sí ibi tí ẹni tó ń gbè é lẹ́sẹ̀ ti pin sí ẹni tó ń dá a. Ọwọ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìyáàlù tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń mú ijó dání. Agogo kékeré kan ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ohùn gìtá náà sì ń mì bí omi nítorí ẹ̀rọ tó ń yí bírí tí wọ́n gbà á kọjá. Ó ń kọ nípa ẹni kan tó ń rìn nínú àwọsánmà tó sì ń tu òun nínú. Bí gìtá bá ti wá gba ọ̀rọ̀ ní ìparí, tí ó fẹ́ ṣàlàyé ẹni náà, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, yóò sì parẹ́. Àwọn kan ní ó yẹ kó gùn sí i. Mo fara mọ́ ọn bó ṣe wà.

Àkọ́kọ́ ni “Machine Gun”.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1970 ni wọ́n ta á níwájú àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn Fillmore East ní New York, pẹ̀lú Billy Cox lórí béèsì àti Buddy Miles lórí ìlù, ó sì gùn ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Hendrix kọ́kọ́ fi ta àwọn ọmọ ogun tó ń jà lọ́rẹ: àwọn tó ń jà ní Chicago, Milwaukee àti New York, ó sì wá fi kún un, àwọn tó ń jà ní Vietnam. Kì í ṣe ẹni tó ń fi ogun ṣe àròsọ. Ó ti wọ iṣẹ́ ológun ní 1961, ó ti fi páráṣúùtù bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 101st Airborne, ilé ológun ní Kentucky ni òun àti Billy Cox sì ti mọ ara wọn. Ìlù Buddy Miles ń yìnbọn tatata, gìtá ń dá a lóhùn. Ẹnu Hendrix ní ènìyàn búburú ló mú òun pa ẹnìkejì, òun náà ló sì mú ẹnìkejì pa òun. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ta ohùn kan ṣoṣo sókè, tí ó dá a dúró, tí ó dá a dúró, títí tí kò fi jọ gìtá mọ́, tí ó di igbe. Láti ibẹ̀ lọ, a ń gbọ́ hẹlikópítà, a ń gbọ́ àdó olóró, a sì ń gbọ́ obìnrin tó ń sunkún òkú, okùn mẹ́fà ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tó bá gbé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ta níbi àjọ̀dún orin Woodstock ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1969, sí ipò kìn-ín-ní kò jẹ̀bi, nítorí nǹkan kan náà ló ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Fillmore East ló ti rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ ta àwo rẹ̀ fún mi, ẹ̀dà tí wọ́n gé ló tà fún mi: orin náà dákẹ́ lójijì ní ìṣẹ́jú karùn-ún, mo sì fi odindi ọdún kan gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó wá èyí tó wà lórí àwo “Band of Gypsys” gan-an, kó wo gígùn rẹ̀ kó tó sanwó, kó fi ohun tó bo etí méjèèjì gbọ́ ọ nígbà tí ilé bá ti dákẹ́, kó má sì dìde kó tó gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn èrò tó tẹ̀lé ohùn ìkẹyìn.