Mo wọ ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn GP wa: ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń ṣe?

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìràwọ̀ méjì tó kù, mo máa sọ ibi tí wọ́n já sí.

Láti April 2015 ni àdéhùn tí NHS, ètò ìlera ìjọba, bá àwọn GP, ìyẹn àwọn dókítà àdúgbò, ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn tirẹ̀. PPG (Patient Participation Group) ni wọ́n ń pè é; ibẹ̀ ni aláìsàn ti ń bá ilé ìwòsàn sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ èèyàn, wọn kì í sì í sanwó fún èèyàn. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lè wọ̀ ọ́, kódà bí kò bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nítorí màmá mi ni mo ṣe wọ̀ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín tí kò lágbára mọ́, orúnkún. Ọ̀tọ̀ ni dókítà tó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì ń ru ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, lẹ́tà wọn ò dé ọ̀dọ̀ GP, ni kẹ́míìsì bá ń kó ti tẹ́lẹ̀ sínú páálí oògùn ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń ka hóró oògùn lórí tábìlì ni mo rí i. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tó máa sọ bí ìtọ́jú ṣe rí lára wọn, mo ní ẹ máa bọ̀, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíì. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó kéré sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn, á la orúkọ àbísọ mọ́ ọn lórí níwájú gbogbo èrò. Màmá á kàn wò ó. Tó bá wọlé, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa fi dá wọn lóhùn títí wọ́n á fi parí. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Iyè wo ló ń ra? Inú ló ń bí i! Mo sọ ọ́ nípàdé, mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó wá láti Jàmáíkà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn, obìnrin ará Bangladesh kan ní ìyá ọkọ òun kọ̀ láti lọ mọ́ nítorí ẹ̀. Mánéjà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù aláìsàn: kí lẹ fẹ́ ká máa pè yín? “Mama” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ báyìí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tó ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ àgbo náà tẹ̀lé e. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ oògùn wò ń béèrè bóyá aláìsàn ń lo “oògùn ìbílẹ̀”. Ta ló máa sọ fún wọn? Àwọn ìyá wa á ní rárá, ìgò á sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀, ewu ni fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá ṣáká. Àwa àti apòògùn ilé ìwòsàn jọ tún un kọ: kí lẹ máa ń mu nílé kí ara lè yá? Apòògùn náà ní kí wọ́n máa bi ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé pẹ̀lú. Màmá dárúkọ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Ní 2013, National Voices, tó kó àwọn ẹgbẹ́ aláìsàn jọ, kọ ohun tí ìtọ́jú tó so pọ̀ yẹ kó jẹ́ bí ẹni pé aláìsàn ló ń sọ̀rọ̀: pé kí n lè ṣètò ìtọ́jú mi pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti mọ èmi àti ẹni tó ń tọ́jú mi. NHS England gbà á wọlé. Òun ni mo fi ń wọn PPG wa, ibẹ̀ sì ni ìràwọ̀ méjì yẹn ti bọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ GP nìkan ni agbára ẹgbẹ́ yìí mọ. Lẹ́tà ọsibítù tó gbé mi débẹ̀ kọjá wọn, torí kò sẹ́ni tó wá láti ọsibítù. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe dá àwọn ìgbìmọ̀ ICB (Integrated Care Board) sílẹ̀ ní July 2022, 42 ni wọ́n nígbà náà, kí ọsibítù, GP àti káńsù lè máa jọ ṣètò; òfin sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ aláìsàn àti olùtọ́jú. A ti kọ̀wé sí tiwa. À ń retí ẹnu wọn.

Ìgbà míì sì wà tí wọ́n á ti dá ìpinnu ṣe tán kí wọ́n tó pè wá. Ẹ̀rọ fóònù tuntun, wọ́n ti rà á kí wọ́n tó bi wá pé ṣé a fẹ́ ẹ.

Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ti ara yín lẹ fẹ́ rò, ẹ má wá síbẹ̀. Mánéjà ni kẹ́ ẹ lọ bá. Bó bá jẹ́ ti ọsibítù, PALS ni, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tọ́jú ẹnì kan, ẹ ní kí GP kọ yín sílẹ̀ bí olùtọ́jú, kí ẹ sì ní kí káńsù wá ṣàyẹ̀wò ohun tí ẹ̀yin fúnra yín nílò. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin Care Act ti 2014, bí wọn ò tiẹ̀ tíì yẹ aláìsàn yín wò. Ìyá arúgbó kan tó ń jókòó tì mí nípàdé ló sọ fún mi. Òun náà ló kọ́ mi pé bí Màmá bá fọwọ́ sí i, mo lè máa rí àwọn oògùn rẹ̀ lórí NHS App tèmi.

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe ìpàdé, láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kún ibẹ̀. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ tá a tún ń tọ́jú ìyá, ìsinmi ọdún wa la fi ń wá. Mo ti ní kí wọ́n gbé e sí ìrọ̀lẹ́. Bí wọn ò bá gbé e, ẹlòmíì ni yóò máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ àgbo lọ́dún tó ń bọ̀.