Irin Tí Kì Í Dógùn-ún Nínú Balùwẹ̀: Ìfiwéra Fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà

Ẹni tó bá fẹ́ ra táàpù, síǹkì, àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀pá ìdìmú tàbí àpótí ọṣẹ olómi fún balùwẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa lò yóò kọ́kọ́ rí i pé gbogbo rẹ̀ ló ń dán lórí àtẹ, àti pé orúkọ kan náà ni àwọn tó ń tà á fi ń pè é: irin tí kì í dógùn-ún. Ṣùgbọ́n irin méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lọ́jọ́ tí a rà wọ́n, kí ọ̀kan sì ti hu ìpáàrà kí ọdún tó yí po, nígbà tí èkejì yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún láìyí àwọ̀ padà. Ohun mẹ́ta ló ń fa ìyàtọ̀ náà: irú irin tó jẹ́ gan-an, ọwọ́ ẹni tó dè é mọ́ ògiri, àti ohun tí a fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn olùrajà kì í sábà rò mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ òun ni mo gbà pé ó ń ba irin balùwẹ̀ jẹ́ jù lọ.

Irin lásán a máa dógùn-ún bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti bá a, ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ kirómíọ̀mù pọ̀ mọ́ ọn, tí kirómíọ̀mù náà sì tó 10.5 nínú 100 ó kéré tán, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò lè rí yóò yọ sí i lára, kò sì ní jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ ráyè jẹ irin tó wà nísàlẹ̀. Harry Brearley, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí irin ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a mọ̀ mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1913. Bí nǹkan bá ha irin náà, awọ yìí a máa tún ara rẹ̀ ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ojú rẹ̀ bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Ọ̀tá rẹ̀ ni iyọ̀, kiloríìnì inú búlíìṣì, àti ásíìdì líle tí wọ́n fi ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára táìlì, nítorí pé wọ́n a máa gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí awọ náà, ìpáàrà a sì gba ibẹ̀ wọlé. Awọ yìí gan-an ni ẹ ń fowó rà.

Irin, tánganran, tàbí ohun tí wọ́n fi kirómíọ̀mù bò

Amọ̀ tí wọ́n sun nínú iná líle, tí wọ́n sì fi ohun dídán bò lójú, ni tánganran. Ásíìdì àti búlíìṣì kì í tètè rí i gbé ṣe, omi kì í pariwo lórí rẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti irin. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ohun wúwo bá já lù ú, tàbí tí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ ta á, ó lè fọ́, kò sì sí àtúnṣe tó ṣeé gbọ́kàn lé fún èyí tó bá ti là. Irin lè tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n kì í fọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ibùdó ọkọ̀ fi ń yan àwo ìgbọ̀nsẹ̀ onírin. Nínú ilé tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ra àwo ìgbọ̀nsẹ̀ onírin, tánganran tó fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ síǹkì onírin, ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n lẹ rọ́bà mọ́ ọn, nítorí pé èyí tí kò ní rọ́bà yóò máa dún bí agogo nígbàkígbà tí omi bá dà sí i.

Ohun tí wọ́n fi kirómíọ̀mù bò ni ó máa ń tan ènìyàn jù. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń dán. Bí idẹ bá wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì jẹ́ ọjà gidi, pàápàá jù lọ fún táàpù, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ike ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ojú dídán náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, etí rẹ̀ lè gé ènìyàn lọ́wọ́, kò sì sí ohun tí a lè fi dá a padà. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́, kí ẹ sì wo inú ẹnu rẹ̀ níbi tí a ti ń so ó mọ́ páìpù. Irin tí kì í dógùn-ún jẹ́ ohun kan náà láti òde dé inú, nítorí náà bí ó bá ha, a lè fi ọgbọ́n ha á padà kí ó dọ́gba.

Nọ́ńbà mẹ́rin

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá àwọn irin wọ̀nyí mọ̀, ẹni tí kò bá sì béèrè nọ́ńbà kò tíì béèrè nǹkan kan. 304 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ohun èlò balùwẹ̀ tó dára: kirómíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 18 nínú 100, níkẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ nǹkan bíi 8, òun ni ẹ ó fi máa rí i tí wọ́n kọ 18/8 sára àwọn ọjà kan. 316 ní níkẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì tún fi molibidẹ́nọ̀mù 2 sí 3 nínú 100 kún un, èyí tó ń mú kí ó lè dojú kọ iyọ̀ àti kiloríìnì. Nínú 201, wọ́n dín níkẹ́ẹ̀lì kù nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀, wọ́n sì fi máńgáníìsì dí àlàfo náà. Ó le dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè fara da ọ̀rinrin tó 304. 430 kò ní níkẹ́ẹ̀lì tó ṣeé kà sí, kirómíọ̀mù tó wà láàárín 16 sí 18 nìkan ló gbára lé.

Àwọn kan gbà pé òòfà ń tú àṣírí gbogbo irin. Òótọ́ ni pé òòfà yóò lẹ̀ mọ́ 430 gbọn-in, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ 201 gẹ́gẹ́ bí kì í ṣe é lẹ̀ mọ́ 304, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi òòfà nìkan dánra wò lè ra 201 ní owó 304 kí ó sì máa dunnú lọ sílé. Níbi tí wọ́n bá sì ti tẹ 304 tàbí tí wọ́n lù ú, òòfà lè fà á díẹ̀, èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ohun tí mo fọkàn tán ni ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi tì í lẹ́yìn, tí nọ́ńbà irin náà wà nínú rẹ̀ kedere.

Bí a bá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 304 ni mo máa yàn fún ọ̀pọ̀ balùwẹ̀. Ẹ má ṣe ṣahun sí 316 bí ilé bá wà létí òkun, bí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà nítòsí, tàbí níbi tí òfin ìmọ́tótó bá ti fi dandan lé e pé kí wọ́n máa fi búlíìṣì fọ balùwẹ̀ lójoojúmọ́. 201 àti 430 lè ṣe etí dígí tàbí ohun mìíràn tí omi kì í dé, wọn kò yẹ fún àwo ìtọ̀ láéláé.

Nípa nínípọn, ẹ rántí pé géèjì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí irin pẹlẹbẹ ṣe nípọn tó, ń lọ sẹ́yìn ni: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni irin ṣe nípọn tó. Géèjì 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 1.6, 18 jẹ́ nǹkan bíi 1.27, 22 sì jẹ́ nǹkan bíi 0.8. Àpótí bébà ìnuwọ́ lè jẹ́ 22 láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n síǹkì tí èrò ń rọ́ lù yẹ kó jẹ́ 18 tàbí 16. Ní ti ojú irin, èyí tó ń dán bíi dígí ń fi ipa ìka àti ìhàra hàn ju èyí tí wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ sí lára lọ. Ìkejì yìí ló rọrùn láti tọ́jú.

Dídè é mọ́ ògiri

Irin tí a dè mọ́ ògiri kò lè lágbára ju ògiri náà lọ. Ní ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìdìmú, tí arúgbó àti aláàárẹ̀ yóò fi gbogbo ara wọn lé, n kò ní bo ohunkóhun mọ́lẹ̀: èyí tó bá já lè ṣẹ́ ìbàdí ènìyàn. Ìlànà ADA, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní kí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè gba ìwúwo 250 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 113, kí orí rẹ̀ wà láàárín ínǹṣì 33 sí 36 sí ilẹ̀, kí àlàfo ínǹṣì 1.5 sì wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Òṣùwọ̀n tó dára nìyẹn, ibi yòówù kí a wà. Ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré lè gbé e pẹ̀lú bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò. Ògiri pákó fẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé e àfi bí wọ́n bá ti fi igi líle tàbí awo irin sí inú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó.

Àpótí tí wọ́n rì sínú ògiri kì í yọ orí síta, ó sì ṣòro fún olè láti fà yọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu rẹ̀ kí ògiri tó gbẹ. Èyí tí wọ́n so mọ́ ojú ògiri ló bá ilé àtijọ́ mu.

Súkúrúù irin lásán ni ó máa ń ba iṣẹ́ rere jẹ́. Yóò dógùn-ún fúnra rẹ̀, yóò sì sun omi pupa sára ohun tó dè, ènìyàn yóò sì máa dá irin náà lẹ́bi lásán. Súkúrúù tí kì í dógùn-ún ni kí púlọ́ńbà lò, kí ó fi gíríìsì díẹ̀ pa á, kí ó sì fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí a bá fi ẹ̀rọ yí i kíákíá, èyí àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ lè gan mọ́ ara wọn pátápátá. Bí ó bá ń lu táìlì, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa gbá a, àfi ìgbà tí ihò bá ti la táìlì náà kọjá.

Ètò iṣẹ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ásíìdì fọ táìlì tán, kí wọ́n sì fi omi ṣan gbogbo rẹ̀, kí irin tó wọ balùwẹ̀, nítorí pé èéfín ásíìdì náà nìkan tó láti ba á jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé irin lásán nítòsí rẹ̀, ẹ̀rúnrún tó bá ta sí i lára yóò dógùn-ún níbẹ̀. Ọ̀rá tó bo ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ ṣí ní kété tí iṣẹ́ bá parí, kí oòrùn má baà sun gọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìtọ́jú

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le, àti aṣọ múlọ́múlọ́ ti tó fún ọjọ́ gbogbo. Ẹ nù ún ní ìbámu pẹ̀lú ìlà ara rẹ̀, ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí omi bá fi funfun sílẹ̀ lórí rẹ̀, fínígà tí a fi omi là yóò mú un kúrò. Kànrìnkàn onírin kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí pé ẹ̀rúnrún rẹ̀ máa ń kù sínú ìlà irin náà. Bí búlíìṣì bá di dandan, ẹ fi omi là á, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ sí i lára, ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan án. Fún ẹni tó ń fi àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ ìfọ̀mọ́, ẹ fi ìkìlọ̀ yìí hàn wọ́n kí ẹ tó ra irin náà rárá. Bí wọn kò bá lè yí ohun tí wọ́n ń lò padà, tánganran ló yẹ yín.

Àpótí ọṣẹ ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Ọṣẹ tó gbẹ sínú ẹnu rẹ̀ ni ó sábà máa ń dí i, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọṣẹ tán pátápátá, kí ẹ sì máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan inú rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ní súpíríìǹgì àti rọ́bà tó máa ń gbó. Èyí tó ń fi sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn, ṣiṣẹ́ mọ́ tónítóní jù, àmọ́ ó ń fẹ́ bátìrì, bí bátìrì bá sì kú, ọṣẹ kò ní jáde. Bákan náà ni ti táàpù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá a lè rí rọ́bà, súpíríìǹgì àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rà lọ́tọ̀, kí ẹ sì ra ìkejì wọn lọ́jọ́ náà gan-an.