Ṣẹ́ẹ̀fù onírin tí mo rà sí ṣọ́ọ̀bù: irin ẹ̀ dáa, pákó ẹ̀ ni ò ṣeé finú tán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́ bí ṣẹ́ẹ̀fù onírin yìí ṣe rí lọ́wọ́ mi o, èyí tó jẹ́ alájà márùn-ún tí ò nílò bóòtù kankan, kéèyàn ṣáà ti ki ẹnu irin bọ ihò kó wá fi òòlù onírọ́bà gbá a wọlé. Ó ti lo oṣù 8 ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi. Kó tó dé, ilẹ̀ ni gbogbo ẹrù mi ń sùn, ìṣó ńbí, gúlúù lọ́hùn-ún, tí mo bá ń wá ṣíkírù kan ó lè gbà mí ní ìṣẹ́jú 20, ọmọṣẹ́ mi sì ti fẹsẹ̀ kọ wáyà dírììlì lẹ́ẹ̀mejì.

Títò ẹ̀ ò le, èmi nìkan ni mo tò ó, kò pé wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí pákó. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí ẹ̀ pé àjà kọ̀ọ̀kan á gbé kílò 175, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n wá fi kọ ọ́ sábẹ́ pé àfi tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹrù náà kárí dọ́gba-dọ́gba. Ta ló ń ka ìyẹn? Èmi to garawa ọ̀dà mẹ́rin sójú kan láàárín, ọ̀sẹ̀ kejì pákó ti yọ ikùn sílẹ̀. Ẹ̀bù igi tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ ni o, nígbà tí òrùlé jò sí i báyìí ó wú fùkẹ̀. Mo yọ ọ́ dànù, mo gé pláíwúùdù síbẹ̀ (iṣẹ́ mi kúkú ni).

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń kàn án mọ́ ògiri, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jù ú nù. Èmi ò kọ́kọ́ lò ó, àfi ìgbà tí ọmọṣẹ́ fẹ́ mú nǹkan lókè tó lọ gun ṣẹ́ẹ̀fù bí àkàbà, gbogbo ẹ̀ bá dà síwájú, ọlá ògiri òdìkejì la jẹ. Mo ti kàn án báyìí, ẹrù tó wúwo sì ti wà nísàlẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni àwòrán ìpolówó wọn, tínà (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà), ọ̀dà àti àkísà ni wọ́n tò sórí ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀! Èéfín tó ń jáde lára tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà mọ́ títí á fi bá iná pàdé, inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní ilẹ̀kùn ló yẹ kí tínà wà. Àkísà tí wọ́n fi nu òróró linseed (òróró tá a fi ń kun igi) náà, téèyàn bá ká a jọ, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ kó gbiná láìsí ìṣáná. Ìta lèmi máa ń tẹ́ tèmi sí títí á fi gbẹ.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ká ní wọ́n ń ta egungun irin ẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ǹ bá fún un ní márààrún.