Ibi tí wọ́n ti bá mi tẹ bánà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ní Ṣómólú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé ta ló ṣe bánà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ni o, mi ò ní dárúkọ wọn torí màá bú wọn díẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ bọ̀dá tó ń ṣe dìsáìn níbẹ̀, ọmọ yẹn mọṣẹ́.

Fọ́tò rẹpẹtẹ ni mo kó lọ, kọ́sítọ́mà oríṣiríṣi nínú léèsì àti áńkárá, èmi náà sì wà ńbẹ̀. Ó wò wọ́n títí, ó ní "Àǹtí, ẹ má bínú, tá a bá to gbogbo èèyàn yìí síbẹ̀ bíi bánà ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà nínú dánfó ò ní mọ èyí tó máa wò kí mọ́tò tó kọjá." Ẹnì kan ṣoṣo ló mú, ó gbé e tóbi, ó wá yan fọ́tò tí ìyẹn ò ti wo kámẹ́rà, tó ń wo ẹ̀gbẹ́, ó sì kọ nọ́ńbà mi sí ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an. Ó ní tá a bá rí i pé ẹnì kan ń wo ibì kan, àwa náà máa wo ibẹ̀ ká tó mọ̀. Ẹ lọ dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ máa wo òkè, ẹ máa rí i bóyá irọ́ ni.

Mo tiẹ̀ lọ kà nípa ẹ̀. Ará Rọ́ṣíà kan, Alfred Yarbus, ti fi ẹ̀rọ tẹ̀lé ẹyinjú àwọn tó ń wo àwòrán ní bí ọdún 1950 sí 1965, ojú àti ẹnu èèyàn inú àwòrán ni wọ́n ṣáà ń padà sí. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí pàápàá, nǹkan tó bá jọ ojú èèyàn ló máa ń tẹjú mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà kúkú.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni fọ́tò inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ká gé gbogbo ẹ̀ láti àgbọ̀n, kó ku ara àti aṣọ. Mo ní háà, orí ọmọ ọlọ́mọ! Ó ní ṣé aṣọ lẹ fẹ́ tà àbí ojú? Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wọlé á ní "ta nìyí, ó mà rẹwà o", ó parí nìyẹn. Ní báyìí apá aṣọ ni wọ́n ń bi mí, bí mo ṣe gé ọrùn ẹ̀, yáàdì mélòó ló gbà. Ìyá kọ́sítọ́mà mi kan ṣì ń bínú pé mo bẹ́ ọmọ òun lórí sha.

Èébú tí mo ṣèlérí: Túsìdé ni wọ́n dá fún mi, Sátidé ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n ní kò síná. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ojú obìnrin yẹn pọ́n bíi tẹni tó jẹ ata rodo, ká ní ìdí aṣọ ló ti pọ́n bóyá kò sẹ́ni tó máa rí i, àmọ́ ojú ni, gbogbo ayé ló máa rí i. Wọ́n tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Owó wọn ò gani lára.

Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú nìkan sórí páálí kékeré kẹ́ ẹ fi wo àwọ̀ ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n. Ihò tí wọ́n máa ń lu fún okùn ò tó o, ẹ ní kí wọ́n fi kún un.