Táyà Ni Kó Ṣáájú: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Àtúnṣe Tó Mú Kí Honda Fit Mi Máa Gbọ́ràn Lójú Títì

Ọkọ̀ tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni Honda Fit ti ìran kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Jazz ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e jáde: òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun náà la sì ń kó ẹrù sí bí ìrìn àjò bá yá. N kò fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje rárá. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ó máa gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́: kí ó yà sí ibi tí mo bá darí rẹ̀ sí, kí ó má ṣe máa fì nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì dúró ṣinṣin bí mo bá tẹ bíréèkì lójú títì tó tutù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ṣe àwọn àtúnṣe náà, mo sì máa ń wa ọkọ̀ náà pẹ́ díẹ̀ kí n tó fi òmíràn kún un, nítorí pé ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ibi tí mo sì bá a dé ni pé láti ilẹ̀ ni à ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ sókè. Ohun tó ń fara kan títì ló kọ́kọ́ yẹ kí a náwó lé, ohun tó ti gbó lábẹ́ ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e, ohun tó ń sọ ọkọ̀ di líle ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí táyà, nítorí ibẹ̀ ni èrè pọ̀ sí jù. Ibi tí táyà kan ṣoṣo fi ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, orí irú ibi mẹ́rin bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìwúwo ọkọ̀, gbogbo agbára bíréèkì àti gbogbo ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe sí sítiárìn ń gbà dé ojú títì. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tàbí sípírìn tó lè bá táyà tó ti gan wá agbára tí kò ní. Eyín ṣì wà dáadáa lára àwọn táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀, ó sì jìnnà sí mílímítà 1.6 tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òpin, síbẹ̀ ọjọ́ orí wọn ti pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè mọ èyí fúnra rẹ̀: ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ní ìparí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé DOT, a ó rí nọ́ńbà mẹ́rin, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kù sì jẹ́ ọdún. Táyà tí a bá kọ 2319 sí lára, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí mo fi èékánná tẹ ojú àwọn táyà mi àtijọ́, èékánná náà kò wọlé rárá. Rọ́bà ti le bí igi.

Ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà bá jáde láti ilé iṣẹ́ ni mo rà padà, ìyẹn 175/65R15, mo sì fi dídi títì tútù mú ṣe ohun àkọ́kọ́ tí mo wò nínú gbogbo ìlérí tí àwọn oníṣòwò ń ṣe. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ táyà tuntun máa ń fi lẹ́tà láti A dé E sọ bí ó ṣe dára tó lórí omi, ìyẹn sì wúlò fún mi ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ náà hàn ní kọ́nà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lẹ́yìn òjò. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá yí sítiárìn níbẹ̀, imú ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ sá lọ sí ìta kí ó tó rántí pé mo ti yà. Ní báyìí, bí ọwọ́ mi ti ń yí ni imú rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gan-an kó sì máa yọ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, tó máa ń tètè gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì lójú omi kò tètè dé mọ́, nítorí pé táyà ti rí ibi dì mú kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbani níyànjú pé kí a fi táyà tó fẹ̀ gan-an sí i. N kò fara mọ́ ọn fún ọkọ̀ kékeré tí à ń wà lójoojúmọ́. Táyà tó fẹ̀ jù máa ń tètè léfòó lórí omi ju èyí tó ṣe déédéé lọ, ó ń jẹ epo sí i, ó sì lè máa ha inú ihò táyà nígbà tí a bá yí sítiárìn dé òpin pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Táyà tó dára ní ìwọ̀n tirẹ̀ sàn ju táyà gbígbòòrò tí rọ́bà rẹ̀ kò dára. Bí owó bá sì tó méjì péré rà, ẹ̀yìn ni kí a fi àwọn tuntun sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀. Bí iwájú bá yọ̀, awakọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, yóò sì lè dín eré kù; bí ẹ̀yìn bá yọ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní lè mú un padà.

Afẹ́fẹ́ inú táyà kò náni ní nǹkan kan, síbẹ̀ ó wà lára àwọn ohun tó ń yí ìwà ọkọ̀ padà jù. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀, kì í ṣe lára táyà. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà ni òpin tó lè gbà. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni mo ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju òtítọ́ lọ hàn. Bí ojú ọjọ́ bá sì tutù sí i pẹ̀lú nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 5 tàbí 6, psi 1 (psi ni ìwọ̀n tí à ń fi wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) lè lọ láìjẹ́ pé ibì kankan ń jò.

Aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títún bí àwọn táyà ṣe kọjú síra ṣe, ni mo ṣe tẹ̀ lé táyà. Lára Fit, bí táyà iwájú ṣe kọjú síra nìkan ni a lè tún ṣe láìfi ẹ̀yà mìíràn kún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin kan gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì ní nọ́ọ̀tì tí a fi ń yí i. Ilé iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ kò wọn afẹ́fẹ́ táyà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ti sítiárìn mọ́ àárín, nítorí náà ó wọ́ nígbà tí mo gba ọkọ̀ padà, wọ́n sì ń bá mi jà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo gbé e lọ, ẹni yìí sì fún mi ní ìwé tó fi ipò táyà hàn ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti lè fún ni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe sanwó níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà tó ti gbó lábẹ́ ọkọ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti gbà pé bí Fit ṣe ń fì nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì jẹ́ ìwà ọkọ̀ kékeré, títí mẹkáníìkì mi fi gbé e sókè tó sì ti irin bọ ẹ̀yìn lówà áàmù, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara ọkọ̀. Bó ti ń tẹ irin náà, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀ṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà ní oríkèé rẹ̀, ń yà gbọ̀ngbọ̀n, tó fi jẹ́ pé mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rọ́bà àti irin àárín rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye: bí mo bá tẹ bíréèkì, táyà iwájú ń sún sẹ́yìn nítorí pé kò sí rọ́bà tó dì í mú, bí ó sì ti ń sún ni ó ń yí ojú kúrò níbi tí aláìmẹ́ǹtì fi í sí. Línkéèjì sitabiláísà (irin tó ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kù) náà ti gbó, òun ló ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ nígbà tí a bá gun òkúta. A pààrọ̀ wọn pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé oníbọ́ọ̀lù, ti ẹsẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀ṣìn gba àkíyèsí lórí ohun méjì. Àkọ́kọ́, rọ́bà bíi ti àtilẹ̀bá ni mo yàn dípò àwọn èyí tí wọ́n fi polyurethane, ìyẹn irú ike líle kan, ṣe. Àwọn wọ̀nyí le, wọ́n sì pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé ìró títì wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì ń han bí gíríìsì bá gbẹ nínú wọn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò nílò ìyẹn. Èkejì, bọ́ọ̀ṣìn rọ́bà kì í yí bíi bíárìn, ńṣe ni rọ́bà inú rẹ̀ ń lọ́. Bí a bá de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le nígbà tí jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà náà yóò ti wà ní lílọ́ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, yóò sì ya kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo dúró ti mẹkáníìkì mi títí ó fi gbé ìwúwo ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ kí ó tó de nọ́ọ̀tì náà dópin. Ẹ bèèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe tiyín.

Ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e, òun sì ni ìkejì táyà nínú èrè. Sípírìn ló ń ru ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dá sípírìn lẹ́kun kí ó má baà máa jó lẹ́yìn tó bá ti gba kòtò. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà máa ń fò díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí títì, táyà tó bá sì wà lókè kò lè yà, kò sì lè dúró. KYB Excel-G ni mo fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n ṣe láti dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Kò le jù. Lórí títì tó ń rú gbẹ̀dùgbẹ̀dù, ọkọ̀ tó ti máa ń gbéra lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn gegele kan ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le díẹ̀ sí i lè wo ti Bilstein tàbí ti Koni bí wọ́n bá ní ti irú ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tuntun tó bá sípírìn rẹ̀ mu ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí a má ṣe dá máńtìnnì òkè (ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì fi so mọ́ ara ọkọ̀) àti rọ́bà ìdènà (èyí tí ṣọ́ọ̀kì ń kàn bó bá rìn dé òpin) àtijọ́ padà sórí ṣọ́ọ̀kì tuntun, kí a sì tún ṣe aláìmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀.

Lórí bíréèkì, pádì tó dára àti omi tuntun tó. Omi bíréèkì tuntun tí wọ́n ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé ìwọ̀n Celsius 230, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu tán, 155 péré ni òfin rẹ̀ ń béèrè pé kó dé kí ó tó hó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pààrọ̀ tèmi láìdúró dìgbà tó bá dúdú.

Sitabiláísà ẹ̀yìn nìkan ni mo fi kún ọkọ̀ yìí tí kò sí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwúwo Fit pọ̀ níwájú ju ẹ̀yìn lọ, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí imú rẹ̀ fi máa ń sá jáde ní kọ́nà. Irin náà, tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kù, ó sì ń mú kí ẹ̀yìn ru nínú iṣẹ́ tí iwájú ń dá ṣe. Ó ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ èyí tó rọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ni mo yàn, nítorí pé bí ẹ̀yìn bá le jù, ìdí ọkọ̀ lè jù nígbà tí a bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà iná, èyí tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ní kọ́nà tó tutù. Ọkọ̀ kékeré tó ga kì í ṣe ohun tí a ń fi irú èyí dánrawò. Ní ọdún 1997, A-Class ti Mercedes-Benz, tí òun náà kúrú tó sì ga, dojú dé ní orílẹ̀-èdè Sweden níbi tí wọ́n ti ń dán bí ó ṣe ń yẹra fún ohun tó bá yọ sójú títì wò; ilé iṣẹ́ náà dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ESP, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi bíréèkì dá ọkọ̀ lẹ́kun kó má baà yọ̀, sínú gbogbo rẹ̀.

N kò fi sípírìn kúkúrú sí i. Mo ti wa Fit ọ̀rẹ́ mi kan tó ní in, ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n àyè tí ṣọ́ọ̀kì fi ń rìn ti kéré débi pé ó ń kan rọ́bà ìdènà ní gbogbo kòtò, bí ó bá sì ti kàn án ní àárín kọ́nà, táyà máa ń fò. Lára irú ẹsẹ̀ iwájú tí ọkọ̀ yìí ní, bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, igun lówà áàmù á yí padà débi pé ọkọ̀ lè túbọ̀ fẹ́ máa dà sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn òdìkejì ohun tí a sanwó fún. Irin tí wọ́n ń fi so orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dán an wò, n kò rí ìyàtọ̀ kankan, mo sì ti tú u. Ríìmù tó fúyẹ́ nìkan ló kù tí mo ṣì fẹ́, nítorí pé ìwúwo tó bá kúrò lẹ́sẹ̀ máa ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì rí táyà ṣàkóso. N ó rà á nígbà tí àwọn táyà yìí bá lọ tán, kí wọ́n lè so tuntun mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.