Duxford: bárékè kan, oríṣiríṣi ọmọ ogun

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ́nù tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ogun, owó tíkẹ́ẹ̀tì Duxford, bárékè bàálù ogun àtijọ́ tó ti di mùsíọ́ọ̀mù, kò ní dùn yín. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street, ẹ sọ̀ ní Whittlesford, kẹ́ ẹ wá wọ takisí. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín bẹ́ ẹ bá kó ọmọdé dání. Bàálù Concorde wà níbẹ̀, B-52 tó ń ju bọ́ǹbù wà níbẹ̀, ìdí wọn sì lọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ. N ò bá wọn jà o, àmọ́ ìtàn àwọn tó gbé bárékè yẹn ló gbé mi débẹ̀.

Ní 1923 ni wọ́n tún No. 19 Squadron, ikọ̀ kan nínú RAF (ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1938, ọwọ́ wọn ni bàálù ìjà Spitfire kọ́kọ́ dé nínú gbogbo RAF. Nígbà tí ogun Hitler gbóná ní 1940, wọ́n dá ikọ̀ No. 310 sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ Czechoslovakia tó sá kúrò nílùú wọn. Douglas Bader, awakọ̀ bàálù RAF tí jàǹbá bàálù ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a sì máa kó ikọ̀ tiẹ̀ wá láti bárékè Coltishall kí wọ́n lè jọ fò lọ kojú Jámánì. Ọkùnrin mẹ́ta!

Ibi tó dá mi dúró jù ni yàrá tí wọ́n ti ń darí ìjà. Wọ́n tẹ́ máàpù ńlá sórí tábìlì. Ẹ wo aago ara ògiri dáadáa: wọ́n fi pupa, yẹ́lò àti búlúù kùn ún ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Àwọ̀ tí ọwọ́ aago bá wà lórí rẹ̀ ni àwọ̀ àmì bàálù tí wọ́n ń gbé sórí máàpù. Bí ọ̀gá bá wolẹ̀ látòkè, tó rí pupa nígbà tí aago ti kúrò lórí pupa tipẹ́, ó ti mọ̀ pé ìròyìn yẹn ti di ti àná. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan o!

Ní oṣù kẹrin 1943, bárékè náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Amẹ́ríkà. Ikọ̀ wọn, 78th Fighter Group, kó bàálù ìjà Thunderbolt wá, wọ́n kun imú rẹ̀ ní dúdú àti funfun bí ọpọ́n dráàfù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba bàálù Mustang. Níta ilé tí mùsíọ́ọ̀mù náà kó bàálù àwọn Amẹ́ríkà sí, wọ́n to gíláàsì 52 lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n fín àwòrán bàálù Amẹ́ríkà 7,031 tí kò padà dé láti ojú ogun sí wọn lára. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀.

RAF gbà á padà ní 1945, wọ́n sì kó kúrò ní 1961.

Ẹ tètè dé, yàrá máàpù sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ọjọ́ ìpàtẹ bàálù dáa fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ariwo, kò dáa fún ẹni tó fẹ́ kàwé ara ògiri. Ẹ mú kóòtù dání. Pápá gbalasa ni, atẹ́gùn ibẹ̀ kò mojú ọmọ Ìbàdàn.